Èébú Tí Kò Dé Yàrá Kejì

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ àárín orílẹ̀-èdè yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àárín orogún, ẹni náà kò tíì gbé nínú ọ̀kankan nínú méjèèjì rí. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ti gbé nínú méjèèjì. Ilé oníyàwó mẹ́rin ni wọ́n bí i sí, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni ó sì ti ń jẹun láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri. Pẹ̀lẹ́ kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló fún un, nítorí pé bí ó bá da tíì sí ọ lára, "pẹ̀lẹ́" ni yóò sọ, bí ìwọ náà bá da á sí i lára, "pẹ̀lẹ́" náà ni yóò sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Mínísítà pè é sí ọ́fíìsì, ó sì ní kí ó jókòó. Mínísítà kì í sábà ní kí ènìyàn jókòó, nítorí náà etí àga ni obìnrin náà fìdí lé.

"Àwọn aládùúgbò wa méjèèjì ti gbà láti wá lónìí," ni Mínísítà wí. "Ṣùgbọ́n wọn ò ní jókòó sí yàrá kan náà, wọn ò sì fẹ́ rí ojú ara wọn. Ìwọ ni wàá máa gbé ọ̀rọ̀ láti yàrá kan sí èkejì."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Má tíì dúpẹ́. Bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ ni kí o ṣe gbé e. Má yọ níbẹ̀, má fi kún un. Páìpù ni ọ́. Páìpù kì í fi ṣúgà sínú omi."

Ó ní òun ti gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ kọ́ ni wàhálà rẹ̀ láyé yìí.

Ohun tó fa ìjà àwọn aládùúgbò náà, ojú a máa ti ènìyàn láti sọ ọ́. Afárá kan ló wà lórí odò tó pín ilẹ̀ wọn níyà. Wọ́n ti jọ ṣàdéhùn pé kí oníkálukú máa kun ìdajì irin afárá náà. Àwọn kan ra ọ̀dà pupa, àwọn kejì ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Nílé iṣẹ́ Ìyá Pẹ̀lẹ́, Àwọn Pupa àti Àwọn Ewé ni wọ́n kúkú ń pè wọ́n, nítorí pé èyí tí o bá kọ́kọ́ fi orúkọ gidi pè, èkejì á ní o ti gbè sẹ́yìn rẹ̀. Akunlé Àwọn Pupa ló ń kun irin lọ níjọ́ kan, ó ń súfèé, kò mọ̀ pé òun ti kọjá àárín. Kò ju ìwọ̀n apá ènìyàn kan lọ tó fi kọjá. Àwọn Ewé ní wọ́n ti gba ilẹ̀ àwọn. Àwọn Pupa ní láti ìgbà wo ni ọ̀dà ti di ọmọ ogun. Kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ló dé, ìbọn ti dé etí odò lápá méjèèjì, afárá ti di títì pa, Àwọn Pupa sì ní ọkọ̀ òfuurufú kankan tó bá ti ọ̀dọ̀ Àwọn Ewé bọ̀ kò gbọdọ̀ gba ojú sánmà àwọn kọjá mọ́.

Kí ló wá kan ìlú Ìyá Pẹ̀lẹ́ níbẹ̀? Ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì ni wọ́n. Bí ará ilé ẹni bá sì ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn.

Ti Ìyá Pẹ̀lẹ́ alára tún ju hẹ̀rẹ̀-huru lọ. Ọkọ rẹ̀ wà ní òdìkejì afárá. Iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ni ọkùnrin náà ń ṣe. Ilé ìwòsàn kan lọ́dọ̀ Àwọn Ewé ló pè é pé kó wá tún ẹ̀rọ àwọn ṣe, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀wù méjì, ó ní òun ò ní pẹ́ dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni afárá tì. Oṣù márùn-ún ti kọjá lórí rẹ̀. Àwọn ìbejì wọn ti wà ní yunifásítì, ilé wá tóbi ju ìyá wọn lọ. Ó ń se oúnjẹ ẹni méjì, ó ń jẹ ti ẹnì kan, ó sì ń bínú sí ìyókù. Àárò ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí ọkùnrin náà lè gbà délé ju kó gba orí afárá yẹn, kó la ilẹ̀ Àwọn Pupa já lọ.

Bó ṣe jáde ní ọ́fíìsì Mínísítà báyìí ni fóònù rẹ̀ dún.

"Ìyá Ìbejì, ṣòkòtò dókítà ni mo wọ̀ lónìí," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Dókítà ọ̀hún sì kúrú. Àwọn aláìsàn ń wo ojúgun mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ara àwọn ti ń yá."

"Ẹ fara dà á, Bàbá Ìbejì. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Ta ni wọ́n máa fi sáàárín wọn?"

Ó wu obìnrin náà láti sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjọba ni, ó sì ti búra. "Mi ò mọ̀," ló sọ.

"Kí Ọlọ́run ṣáà fún onítọ̀hún ní ẹnu," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì pa fóònù.

Àjà kẹta ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló wà níbẹ̀, yàrá Àwọn Pupa ní ìpẹ̀kun kan, ti Àwọn Ewé ní ìpẹ̀kun kejì, ẹ̀rọ fotokọ́pì sì dúró láàárín bí ẹni tí ìjà kò kàn. Ọ̀gágun kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kó Àwọn Pupa wá, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí orúnkún ń dùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, tí wọ́n fún ní àyè pàtàkì láti kọjá lórí afárá, ló kó Àwọn Ewé wá. Ó tín-ín-rín, ó so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, bó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lẹ́nu ná.

Ọ̀gágun ló bẹ̀rẹ̀. "Lọ sọ fún tíṣà yẹn pé irú ẹ̀ la fi ń nu tábìlì ní bárékè wa."

Ìyá Pẹ̀lẹ́ gbé e lọ bó ṣe rí. Páìpù ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ ọ tán, ó yọ gíláàsì, ó nù ún, ó dá a padà sójú, ó sì kọjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀. "Ẹ kó ẹrù. À ń lọ sílé."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé sínú àpò. Ìyá Pẹ̀lẹ́ fi ojú inú rí ọkọ rẹ̀ nínú ṣòkòtò dókítà títí dọjọ́ ogbó, ẹnu rẹ̀ sì là kí ó tó rò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ò tíì tán. Ọ̀gágun ní bí inú ṣe ń bí àwọn nìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn náà mọ̀ pé ọ̀dà yẹn kọjá àyè ẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró gbagidi. "Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, sà. Wọ́n ní kí n bẹ̀ yín."

Àwọn ìwé tún jáde nínú àpò.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ní ilé bàbá rẹ̀, òun ni wọ́n ń rán sáàárín àwọn ìyàwó nígbà kékeré. Bí ìyálé bá ní, "Lọ sọ fún un pé ojú ẹ̀ dà bí ìdí ìkòkò," ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ á dé ọ̀dọ̀ ìyàwó, á kúnlẹ̀, á ní, "Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o, wọ́n ní kí ẹ rọra máa ṣe é." Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi jẹ́ tọmọ. Ọmọ tó bá jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an nínú ilé yẹn, ààrò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọn ò ti ní fún un lóúnjẹ. Ohun tí ó kọ́ nílé bàbá rẹ̀ náà ló ń gbé lọ gbé bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìjọba yẹn, Mínísítà ni kò mọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ páìpù rẹ̀ dàgbà.

Láti ìgbà náà, ó sọ ìrìn rẹ̀ di pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó lè ráyè se ọ̀rọ̀ náà jinná kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà kejì.

"Sọ fún Ọ̀gágun," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, "pé gbogbo àmì ẹ̀yẹ tó gbé kọ́ àyà yẹn, ilé ìdáná ló ti gbà wọ́n. Ogun kan ṣoṣo tó jà láyé ẹ̀, oúnjẹ ló bá jà."

Àwọn ènìyàn Ọ̀jọ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Pẹ̀lẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fotokọ́pì, ó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gágun. "Ọ̀jọ̀gbọ́n rí àmì ẹ̀yẹ yín, sà. Wọ́n sì ní ṣé ẹ ti jẹun?"

Ọ̀gágun wò ó títí. "Ó bèèrè bóyá mo ti jẹun?"

"Ohun tó wà lẹ́nu wọn nìyẹn, ọ̀rọ̀ oúnjẹ."

Ọ̀gágun fọwọ́ pa ikùn rẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí pé àwọn ọmọ ogun òun ń wo òun, ó tún le. "Sọ fún un pé gíláàsì ojú ẹ̀ nípọn dé ibi pé kò rí odò yẹn rí. Ó kàn ń gbọ́ ìró omi ni, ó rò pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún òun."

Ẹ̀rín pa gbogbo yàrá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ti di: "Ọ̀gágun ń bèèrè ojú yín, sà. Wọ́n ní ṣé gíláàsì náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ gíláàsì náà, ó fọwọ́ pa ojú. Ó ní láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú, kò sí ẹnì kan tó bèèrè ojú òun mọ́. Ó ní kí Ìyá Pẹ̀lẹ́ bá òun bèèrè orúnkún Ọ̀gágun, pé òun rí i tó ń tiro nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Yàtọ̀ sí èébú àkọ́kọ́, èyí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Ìyá Pẹ̀lẹ́ gbé dé bó ṣe rí ní gbogbo ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, yàrá méjèèjì ti tutù bí omi àmù. Àwọn Pupa ti gbà pé bóyá ọ̀dà náà ṣèèṣì kọjá. Àwọn Ewé ti gbà pé ìwọ̀n apá ènìyàn kan kì í ṣe ilẹ̀. Ìwé àdéhùn ti wà nílẹ̀, ó kù kí wọ́n fọwọ́ sí i. Mínísítà ti wá dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ayàwòrán, ó ń tún táì rẹ̀ ṣe. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ayọ̀ kún inú rẹ̀, ó ti ń ro ohun tí òun máa sè.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn Àwọn Pupa ṣí, tí Ọ̀gágun tiro jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ilẹ̀kùn Àwọn Ewé náà ṣí, Ọ̀jọ̀gbọ́n jáde, ó ti yọ gíláàsì nítorí omijé. Ọkàn àwọn méjèèjì ti kún ju kí wọ́n tún máa rán obìnrin lọ. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ fotokọ́pì ni wọ́n ti dì mọ́ra.

"Mo ti dárí jì yín," ni Ọ̀gágun wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀. "Ẹ dárí kí ni jì mí? Èmi ni mo gba ẹ̀bẹ̀ yín."

"Ẹ̀bẹ̀ wo? Ta ló bẹ̀ ọ́?"

"Ìwọ lo bẹ̀ mí! Àárọ̀ kùtù lo ti ń bẹ̀ mí bọ̀!"

Wọ́n tú ọwọ́ lára ara wọn. Wọ́n jọ yí ojú sí Ìyá Pẹ̀lẹ́. Ó la ẹnu kí ó sọ "pẹ̀lẹ́", kò jáde.

"Ìwọ," ni Ọ̀gágun wí, "kí ni mo ní kí o sọ fún un nípa gíláàsì ẹ̀?"

Obìnrin náà wo Mínísítà. Mínísítà wo òkè àjà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ lò ju àárọ̀ sí ọ̀sán lọ.

"Ẹ ní ó nípọn dé ibi pé wọn ò rí odò rí, sà. Wọ́n kàn ń gbọ́ ìró omi, wọ́n rò pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wọn ni."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ kan gíláàsì tó so mọ́ àyà rẹ̀. "Kí lo wá sọ fún mi?"

"Mo ní wọ́n ń bèèrè ojú yín, sà."

Ọ̀gágun gbá ẹ̀rọ fotokọ́pì ní ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀rọ náà jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìwé funfun jáde. "O mọ bí mo ṣe rò ó tó kí n tó sọ ọ́? Àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi bọ́ sílẹ̀ lórí àga! O wá fi omi là á, o sọ ọ́ di ẹ kú ojú!"

"Ẹ dúró ná," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Èyí tí mo sọ nípa àmì ẹ̀yẹ ńkọ́? Ṣé ó dé?"

"Kò dé, sà."

"Kò dé!" Ó fara ti ògiri bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. "Látàárọ̀ ni mo ti ń retí èsì ọ̀rọ̀ yẹn!"

"Kí lo sọ?" ni Ọ̀gágun bi í.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún un, ó sì fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Ọrùn Ọ̀gágun wú. Ojú rẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ láìgba àṣẹ.

"Oúnjẹ ló bá jà! Irọ́ ni o, ṣùgbọ́n ó dùn."

"Ti odò yẹn náà dùn," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ti pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́ yẹn. Mi ò rò pé ọmọ ogun lè sọ irú ẹ̀."

Bí a ti ń jà, bí i ká kú kọ́. Àwọn ọkùnrin méjì yìí ti fara balẹ̀ jà láti àárọ̀, wọ́n jà á dáadáa, ẹnì kan sì ti gbé ìjà wọn jù sí kòtò. Wọ́n tún yí ojú sí Ìyá Pẹ̀lẹ́, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan náà.

"Orílẹ̀-èdè tó gbà wá lálejò ti jí ọ̀rọ̀ ẹnu wa," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Ẹ̀sùn ńlá nìyẹn. A máa kọ̀wé."

"A máa jọ kọ ọ́ ni."

Wọn kò wọ yàrá Pupa, wọn kò wọ yàrá Ewé. Yàrá kékeré tí wọ́n ń kó páálí ìwé sí ni wọ́n wọ̀, wọ́n jókòó lórí páálí, orúnkún wọn ń kan ara wọn. Mínísítà fi tíì ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní ta ló mọ ohun tí wọ́n ti yọ kúrò nínú ẹ̀. Ẹ̀rín ń ti yàrá náà jáde títí ilé iṣẹ́ fi fẹ́ẹ̀ kógbá wọlé.

Nígbà tí ìwé náà jáde, "Àwa orílẹ̀-èdè méjì tí í ṣe ọmọ ìyá" ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n lé obìnrin náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ti gbé ìgbìmọ̀ alájọṣe kan kalẹ̀ láti wádìí gbogbo èébú tó sọnù. Ìgbìmọ̀ náà kò lè jókòó ní ìlú tó jí ọ̀rọ̀, kò sì lè jókòó ní ilẹ̀ ẹnì kan nínú wọn kí èkejì má baà bínú, àárín afárá gan-an ni yóò ti máa jókòó láti Ọjọ́ Ajé. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn ẹlẹ́rìí, awakọ̀ àti àwọn tó máa gbé oúnjẹ wá yóò sì ní láti kọjá, kí wọ́n ṣí afárá fún tẹrú tọmọ. Àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Kò sí ìwé tí wọ́n jọ fọwọ́ sí rí láti ọjọ́ tí ọ̀dà ti kọjá àárín.

Mínísítà kà á tán, ó pe Ìyá Pẹ̀lẹ́. Kò ní kí ó jókòó.

"Kí ni mo ní kí o jẹ́?"

"Páìpù, sà."

"Mú káàdì ìdánimọ̀ ẹ wá."

Ó bọ́ ọ lọ́rùn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé lóòótọ́ ló wà níbẹ̀ pé wọ́n máa ṣí afárá?"

"Ọjọ́ Ajé."

Ó bú sẹ́kún. Mínísítà rò pé nítorí iṣẹ́ ni, àánú ṣe é, ó fún un ní ìnujú. Nítorí iṣẹ́ náà kúkú ni, lápá kan. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, ó sì dùn ún wọra bó ṣe ń kó ife tíì àti sálúbàtà rẹ̀ sínú ọ̀rá tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀bá. Wọn kò sọ pé wọ́n á gba káàdì lọ́rùn alárinà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Mínísítà sọ lórí rédíò pé ọgbọ́n ìjọba òun ló ṣí afárá.

Ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ rẹ̀ wọlé. Ojúgun rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà, lábẹ́ ṣòkòtò dókítà. Ó dì mọ́ ọn, kò jẹ́ kó lọ, ọkùnrin náà ní kí ó jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun mí. Lẹ́yìn náà ó gbé oúnjẹ ẹni méjì kalẹ̀, inú ọkùnrin náà sì dùn débi pé ó ń sọ̀rọ̀ ó ń jẹun.

"Ìyá Ìbejì, ó yẹ kí o rí afárá yẹn! Àwọn ṣọ́jà ìhín àti tọ̀hún jọ jókòó sórí irin, wọ́n jọ ń mu tíì nínú kẹ́tù kan. Obìnrin kan ló parí ìjà wọn. Ó parọ́ fún àwọn méjèèjì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọjá, wọ́n á bi í pé kí ló rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin náà. Bí o bá bú u dáadáa, wọ́n á ní kọjá. Ẹnì kan ní kí wọ́n ṣàánú ẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí, wọ́n ń tú ẹrù ẹ̀ wò."

"Kí lẹ̀yin wá sọ?"

Ó gbé ṣíbí sókè. "Mo ní irú obìnrin yẹn, bí wọ́n bá ní kó lọ pe dókítà, á lọ bá dókítà, á ní, 'Aláìsàn ní kí n kí yín o.'" Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ já sódò! Ọ̀gá wọn ló fúnra ẹ̀ sìn mí kọjá."

Ìyá Pẹ̀lẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ìka tọ etí tábìlì.

"Wọ́n ní ilé iṣẹ́ yín ló wà. Ó ṣeé ṣe kí o mọ̀ ọ́n..." Ọkùnrin náà gbójú sókè. Ó wo aago ara ògiri. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ró ìró ilé mọ́dìí. "Kí lo ń ṣe nílé lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

Ìyàwó rẹ̀ bu ẹran kún àwo rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì. Ìwọ ni?"

"Èmi ni."

Ó rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀, ó sọ fún un. Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ojú tì í, kò mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ sọ nínú ọpẹ́ àti ẹ̀bẹ̀, ó sì sọ méjèèjì pọ̀. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù.

Nígbà tó pẹ́, ó họ orí. "Wàhálà kan ló kù. Àpótí irinṣẹ́ mi ṣì wà lọ́dọ̀ dókítà. Mi ò rí i gbé bọ̀, mo ní láti padà lọ lọ́la. Wọ́n á tún bi mí lórí afárá."

Ìyá Pẹ̀lẹ́ sún àwo oúnjẹ sún mọ́ ọn.

"Ẹ bú mi dáadáa," ló wí. "Ẹ bú mi lọ, kí ẹ sì bú mi bọ̀."